Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Nínú Ìtọ́jú Ilé àti Àgbàlá

Iṣẹ́ kan wà tí a kì í tìtorí rẹ̀ fi ènìyàn joyè, síbẹ̀ kò sí ilé tí ó lè ṣe aláìní in. Iṣẹ́ náà ni ilẹ̀ gbígbá. Kí oòrùn tó là, ìró ìgbálẹ̀ a ti máa dún ní àgbàlá. Kí ilẹ̀ sì tó ṣú, ìdọ̀tí mìíràn a ti tún dé. Ọ̀pọ̀ ọmọdé a máa kùn sí iṣẹ́ yìí, nítorí wọ́n rò pé asán ni iṣẹ́ tí kì í tán. Ṣùgbọ́n Jésù Olúwa kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ fi hàn bí Ọlọ́run ti ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀, obìnrin tí ẹyọ kan sọnù nínú owó fàdákà rẹ̀ mẹ́wàá ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ: obìnrin náà tan fìtílà, ó gbá ilé, ó sì ń wá a kiri títí ó fi rí i. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé yóò rí i pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní wà nínú omi tí a ń wọ́n sílẹ̀. Ìyá tí ó mọ iṣẹ́ kì í ṣàdédé ki ìgbálẹ̀ bọ ilẹ̀ gbígbẹ. A kọ́kọ́ bu omi sínú igbá, a sì fi ọwọ́ wọ́n ọn káàkiri kí eruku lè rọlẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, eruku a sọ lálá, a kó sí i lójú, a sì tún padà bà sórí àga àti oúnjẹ. John Bunyan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo irú àpẹẹrẹ yìí nínú ìwé ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1678, èyí tí David Hinderer, àlùfáà tí ó mú ìhìnrere wá sí Ìbàdàn, túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Nínú ìwé náà, ọkàn ènìyàn ni yàrá eléruku, òfin ni ẹni tí ń gbá a, ìhìnrere sì ni ẹni tí ó wọ́n omi. Òfin a máa ru ẹ̀ṣẹ̀ sókè kí ojú lè rí i, ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ ni í mú un kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín ilé. Baba tí ó ń fi ìbínú nìkan bá ọmọ wí, láìsí àdúrà àti láìsí ìfẹ́, eruku ni ó ń rú; kò tí ì gbálẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé inú ni a ti ń gbálẹ̀ bọ̀ sí ìta. Yàrá ni a kọ́kọ́ ń gbá, lẹ́yìn náà ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a tó dé ojúde. Ẹni tí ó gbá ojúde kí àlejò lè yìn ín, tí ó sì rọ́ ìdọ̀tí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Áhásì ọba Júdà ti ìlẹ̀kùn tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù pa. Nígbà tí Hesekáyà ọmọ rẹ̀ gorí oyè ní ẹni ọdún 25, ó ṣí ìlẹ̀kùn náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kìn-ín-ní ìjọba rẹ̀. Àwọn àlùfáà wọ inú lọ́hùn-ún lọ, wọ́n kó ẹ̀gbin tí ó wà níbẹ̀ jáde sí àgbàlá. Àwọn ọmọ Léfì sì gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n kó o lọ sí odò Kídírónì. Ọjọ́ 16 ni iṣẹ́ náà gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 14 oṣù náà gan-an ni ó yẹ kí wọ́n ṣe Àjọ Ìrékọjá. Nítorí pé ìmúra kò tí ì tó, oṣù kejì ni wọ́n tó lè ṣe é. Àìtọ́jú ìgbà ayé baba dá àjọ̀dún ìgbà ayé ọmọ dúró. Ẹni tí ó ń gbá ọkàn rẹ̀ lójoojúmọ́ kì yóò jẹ gbèsè ọjọ́ 16.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà nínú àmù omi. Ní ọdún 1897, dókítà kan tí ń jẹ́ Ronald Ross, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti ọdún 1899 títí dé ọdún 1904, jẹ́ dókítà pẹ̀lú. Ó sì gbógun ti àbàtà tí ẹ̀fọn ń pamọ sí. Ní ayé ìjọba òyìnbó, àwọn wolé-wolé a máa wọ ilé kiri, wọn a máa yọjú wo ìkòkò, àmù àti agolo. Omi náà lè mọ́ gaara lójú onílé, ṣùgbọ́n bí wolé-wolé bá rí tanwíjí tí ń jó nínú rẹ̀, ẹjọ́ dé. Ohun tí ń jó nínú omi lónìí ni yóò yọ ìyẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tí yóò sì gbé ibà fún ọmọ ọwọ́. Nítorí náà ni a ṣe ní láti máa da omi nù kí a sì máa fọ àmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlara àti ìbínú kékeré tí a bò mọ́lẹ̀ nínú ọkàn tí ó tòrò lójú ènìyàn. Ó dára kí onígbàgbọ́ máa fi ọjọ́ ìsinmi yẹ àmù ọkàn rẹ̀ wò, kí ohun tí ó wà níbẹ̀ tó yọ ìyẹ́.

Èkan kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kẹrin. Bí a bá fi àdá bẹ́ ewé rẹ̀, tàbí tí a fi iná sun ún, àgbàlá a mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàkùn rẹ̀ tí ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ kò kú, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò fi í hàn. Ọkọ́ ni ó lè wú u. Omijé ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dé ibi gbòǹgbò kò tí ì di ìrònúpìwàdà.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni ó wúwo jù, nítorí ó kan ẹnìkejì. Ibo ni ìdọ̀tí ń lọ nígbà tí ó bá kúrò nílé? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa sì kún kọjá bèbè rẹ̀. Pàǹtírí tí a ti ń dà sínú odò náà, àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀, ti dí ọ̀nà mọ́ omi. Ilé wó, dúkìá ṣòfò, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tí ó da agbọ̀n pàǹtírí kan ṣoṣo sódò tí ó rò pé òun ń ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ilé tirẹ̀ sá mọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó tí ó ti ẹ̀gbin sí ọ̀nà aládùúgbò kì í ṣe ìmọ́tótó tí Ọlọ́run ń fẹ́. Irú rẹ̀ ni ẹni tí ó wẹ ara rẹ̀ mọ́ nípa títi ẹ̀bi sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ó ku ọ̀kan. Jésù sọ ìtàn ẹ̀mí àìmọ́ kan tí ó jáde kúrò lára ènìyàn. Nígbà tí ó padà, ó bá ilé náà ní gbígbá, a sì ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣófo. Ó lọ mú ẹ̀mí méje mìíràn wá tí ó burú jù ú lọ, ìgbẹ̀yìn ènìyàn náà sì burú ju ìṣáájú lọ. Ilé tí a gbá tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, aláǹgbá àti eku ni yóò jogún rẹ̀. Kí a kó ìwà burúkú jáde nìkan kò tó. Olúwa ni kí ó wọlé, kí ó sì jókòó. Nígbà náà ni ọmọ tí ó mú ìgbálẹ̀ lówùúrọ̀ kì yóò kùn mọ́, nítorí yóò ti mọ̀ pé Ẹni ńlá kan ń gbé inú ilé náà.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó fà á tí a fi ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀, kí sì ni èyí kọ́ni nípa ìbáwí?
2. Kí ni ó fà á tí àwọn ará Júdà kò fi lè ṣe Àjọ Ìrékọjá ní oṣù kìn-ín-ní?
3. Ṣàlàyé bí tanwíjí àti èkan ṣe jọ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀.
4. Kọ àròkọ lórí gbólóhùn yìí: “Ilé tirẹ̀ sá mọ́.”