Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Àpótí Ìbọn fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú ìbọn kọ òun? Báyìí ni bàbá mi máa ń sọ ní Ìsẹ́yìn bó bá ti rí ọmọ kan tó ń wo ṣakabùlà rẹ̀ ní àwòtúnwò. Ọdẹ ni bàbá mi. Kò ní àpótí irin rí. Àjà ló ń fi ìbọn há, ẹ̀tù rẹ̀ sì wà nínú àdó ní ibì kan nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Àwa ọmọ mọ ibi tí ìbọn wà. A ò mọ ibi tí ẹ̀tù wà. Mo ti lo ọdún mélòó kan ní Houston kí n tó gbọ́ ohun tí àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹnu mọ́: kí ìbọn ṣófo, kí ó wà ní títì, kí ọta rẹ̀ sì wà ní títì níbòmíràn. Mo rí i pé bàbá mi ti ń ṣe ìdajì rẹ̀ tipẹ́. Ìdajì tó kù, ìyẹn kọ́kọ́rọ́, ìbẹ̀rù pàṣán ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Pàṣán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn níbí. Ọ̀pọ̀ ará wa tó ń gbé Texas ló ti ní ìbọn lọ́nà tó bófin mu: ẹlòmíràn nítorí pé òru ló ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹlòmíràn nítorí pé ó ń tẹ̀lé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Bóyá ó yẹ kí wọ́n rà á tàbí kò yẹ, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó ti ní in nílé, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa bi mí pé, "Àbúrò, àpótí wo ni olè ò lè ṣí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi olè sílẹ̀ ná. Ta ló ń gbé inú ilé yín?"

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Olè lè má wọlé láti ọdún dé ọdún; ọmọ ń jí nínú ilé lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n wọn ò rí àga onírọ́bà tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń wọ́ káàkiri ilé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú báàgì ìyá, kò sí èyí tí ọmọ kò mọ̀. Tí ọmọ tiwa bá tilẹ̀ gbọ́ràn, ti àlejò ńkọ́, lọ́jọ́ ìkómọjáde? Ìyá ìyàwó tó ti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ náà ń tún yàrá ṣe, ó sì lè ṣí dúrọ́ọ̀ tí kò yẹ kó ṣí. Òfin Texas tí wọ́n ṣe ní 1995 sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó ti ṣe tán láti yìn mú, nítorí pé àgbà tó fi í sílẹ̀ kò bìkítà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ọmọ náà bá yìn ín, tó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tàbí tó ṣe wọ́n léṣe gidi, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ó sì lè tó ọdún kan.

Ẹnì kejì tí mo ń rò ni àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ wúwo. A kì í fẹ́ sọ ọ́. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" la máa ń fi bò ó. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbẹ̀mí ara wọn ju ìdajì lọ. Irú èrò bẹ́ẹ̀ a máa dé bí ìjì, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń kọjá bí ìjì. Ilẹ̀kùn tó tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí nítòsí, ń fún un láàyè láti kọjá. Bí ẹnì kan nínú ilé bá wà nírú ipò yìí, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àpótí lọ́jọ́ náà gan-an tàbí kí ẹ gbé ìbọn kúrò nílé, kí ẹ sì pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà láti 2022.

Ohun tó kàn yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Àpótí tí mo kọ́kọ́ rà kò tó 40 dọ́là. Ó kéré, ó dúdú, ó ń dán, nọ́ńbà mẹ́rin ni a fi ń ṣí i. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, ọwọ́ mi kàn án, ó já bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu. N kò tẹ nọ́ńbà kankan. Mo tì í padà, mo gbé e sókè díẹ̀, mo jù ú sílẹ̀: ó tún ṣí. Ìgbà tí mo tú u ni mo rí àṣírí rẹ̀. Ọ̀pá irin kékeré kan ló di ilẹ̀kùn mú; iná bátìrì ló ń fà á sẹ́yìn, spíríìnì tí kò lágbára sì ń tì í padà sí ipò. Bí nǹkan bá gbá àpótí náà lójijì, ọ̀pá yẹn á fò kúrò láyè rẹ̀ láìsí iná, láìsí nọ́ńbà. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ rìsíìtì nù, ẹ gbé àpótí tuntun sórí kápẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì ṣófo, ẹ mì í, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ bí ẹ ti ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Bó bá ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Èyí tó ń fi ìka ṣí wá ńkọ́? Ó yá lọ́wọ́, ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà kéde pé kí àwọn ènìyàn dá bí 61,000 irú àpótí bẹ́ẹ̀ padà, nítorí pé ìka ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Ẹ̀sùn ikú ọmọkùnrin ọdún 12 kan ti wọ ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kejì 2024, wọ́n tún kéde ti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà ni pé, kí a tó fi ìka tiwa sí i, gbogbo ìka ló ń ṣí i. Ẹni tó rò pé òun ti fi ìka sí i lè má tíì fi í sí i rárá. Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀, ẹ pe ẹni mẹ́ta wá sí ìdí rẹ̀ kí wọ́n fi ìka wọn dán an wò lójú yín, kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀. Ní tèmi, bọ́tìnnì nọ́ńbà ni mo fẹ́.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ fi ìbọn sílẹ̀ lásán. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2005 sọ pé bí oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ bá ta ìbọn ìléwọ́ fún aráàlú, ó gbọ́dọ̀ fi ohun tí a ó fi tì í kún un. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá sì ń fi wáyà onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ tọrẹ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Project ChildSafe. Inú ìbọn ni wáyà náà ń gbà kọjá, kò sì ní jẹ́ kó ṣe é yìn. Olè lè gé e. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè gé e. Láti nǹkan bí 150 sí 250 dọ́là, kọ́bọ́ọ̀dù irin ni owó ń rà: páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kọ́kọ́rọ́ lásán, ṣùgbọ́n ìbọn gígùn bíi mélòó kan á wọ̀ ọ́. Àpótí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 500 lọ sí 1,000. Ti àwọn onígóòlù, tí wọ́n kọ àmì ààbò TL-15 sí lára, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Ẹni tó bá ní irú owó yẹn kò nílò àròkọ mi.

Àmì tí mo ń wá lára àpótí olówó kékeré ni RSC. UL, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò tó ti wà láti 1894, ló ń fúnni. Òṣìṣẹ́ wọn kan á fi òòlù, ọ̀pá irin àti irú irinṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọ lu àpótí náà. Bí kò bá rí i ṣí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń lù ú, ó yege. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́: "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré?" Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ olè tó wọlé lọ́sàn-án gangan, tí ajá aládùúgbò ń gbó, kò fẹ́ lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè géèjì irin rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín: èyí tó kéré ló nípọn jù. Géèjì 18 kò ju mìlímítà 1.2 lọ, 14 jẹ́ nǹkan bí 1.9, 12 sún mọ́ 2.7, 10 tó 3.4. Bí ẹ bá rí owó díẹ̀ fi kún un, láti 14 sí 12 ni kí ẹ ná an sí, kì í ṣe sórí ọ̀dà tó ń dán tàbí iná inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ California ní àkójọ orúkọ àwọn ohun ìtìbọn tó yege ìdánwò wọn, ẹni tó wà ní Texas sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá sì kọ "ìbọn 24" sára páálí, ẹ pín in sí méjì. Ẹni tó ka ìbọn yẹn kò fi awò ìfojúsùn sórí ìkankan.

Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àpótí tí wọn kò dè mọ́lẹ̀, ogiri tó lanu ni. Ó lè wọn 300 páùn, ọkùnrin méjì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù á tì í jáde, wọ́n á sì lọ ṣí i nílé wọn ní fàájì. Ẹ dè é, kẹ́ ẹ sì gbé e sí igun ibi tí ẹ ń kó aṣọ sí, kí ogiri dúró tì í lápá méjì kí ọ̀pá irin má ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ihò ti wà ní ìdí ọ̀pọ̀ wọn. Bóòtù mẹ́rin tó ń wọ kọnkéré kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ilé ní Texas, wáyà irin tí wọ́n fà le gan-an ló wà nínú kọnkéré ilẹ̀ wọn. Bí dírílì bá gé ọ̀kan, ó lè fò jáde kó ṣe ènìyàn léṣe, ilẹ̀ ilé náà sì bàjẹ́. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìkìlọ̀ rẹ̀ sí ilẹ̀ gáréèjì. Ẹ wá a kí ẹ tó tan dírílì, bí ẹ bá sì rí i, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó háyà ilé, kó gba àṣẹ onílé kó tó lu ihò. Bí onílé bá kọ̀, wáyà irin tó so àpótí kékeré mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wúwo sàn ju kí a má ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ iná kò gbà mí lákòókò. Páálí gípúsọ́ọ̀mù ni wọ́n tẹ́ sínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpótí wọ̀nyí. Omi tó wà nínú rẹ̀ ló ń di oru omi nígbà iná, òun ló ń mú kí inú rẹ̀ tutù fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí máa ń dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ ra àpótí kékeré mìíràn fún ìwé ọmọ onílùú àti ìwé ilẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà. Omi ni kí ará Houston bẹ̀rù jù. Ẹni tó wà níbí lóṣù kẹjọ 2017 nígbà ìjì Harvey kò nílò àlàyé. Bí àyè bá wà lókè, ẹ gbé àpótí tó fúyẹ́ sókè. Ọ̀rinrin ojoojúmọ́ ńkọ́? Irin ń dógùn-ún nínú àpótí títì ju lórí àjà bàbá mi lọ, níbi tí èéfín ti ń gbẹ ẹ́. Àpò kékeré tó ń fa omi, tí à ń pààrọ̀ tàbí tí à ń gbẹ lásìkò, tó.

Mo tún rí tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Ó dára bí ó bá ní àmì RSC, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n máa gbà láti gbé e dé ilé, nítorí owó ìkẹ́rù lè jẹ èrè rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí ọmọ, torí ọmọ mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àfikún kò sì gbọdọ̀ gbé inú yàrá kan náà.

Ọjọ́ tí mo de tèmi mọ́lẹ̀ tán, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí WhatsApp. Àbúrò mi ló bá a ṣí i. Bàbá pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Àpótí náà dára. Irin rẹ̀ nípọn. Ẹ̀tù ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, ọta là ń lò níbí." Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Níbo ló wà?" Mo dìde, fóònù ṣì wà létí mi, mo lọ kó páálí ọta mẹ́ta tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.