ÌJỌ ÀGÙDÀ ÀTI ÌJỌ MỌ́MỌ́NÌ: NÍBO NI WỌ́N TI PÀDÉ, NÍBO NI WỌ́N TI PÍNYÀ?

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. N kò wá wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ ni kí á mọ ohun tí a ń jiyàn lé lórí kí á tó bẹ̀rẹ̀ iyàn.

Laranto ní ìlú Jos ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tí ó bá mọ Laranto yóò mọ ọjà Kàtákò tí wọ́n ti ń ta pákó. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa níbẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà tọkàntọkàn. Àkọ́bí wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Aba. Nígbà tí ó wá kí wọn ní àsìkò ọdún Kérésìmesì, ó ní òun ti di ọmọ Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹyìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mọ́mọ́nì, àti pé wọ́n ti rì òun bọmi. Màmá dákẹ́ títí. Nígbà tí wọn yóò fọhùn, wọ́n ní: "Ìsàmì tí fádà ṣe fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ ńkọ́? Ṣé omi lásán ni wọ́n dà sí ọ lórí ni?" Ọmọ kò rí èsì fọ̀. Àwa tí a jókòó tì wọ́n kò rí èsì fọ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè yẹn ni ó rán mi lọ sí ìdí ìwé, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín.

Bí ìjọ méjèèjì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti orúkọ. Àgùdà ni àwọn baba wa pe àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà sílé. Ẹ̀sìn Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú bọ̀, ni orúkọ wọn bá di orúkọ ìjọ. Mọ́mọ́nì náà, ará ìta ni ó fi pè wọ́n, láti ara Ìwé ti Mọ́mọ́nì tí wọ́n ń kà. Láti ọdún 2018 ni olórí ìjọ wọn ti ń rọ aráyé pé kí wọ́n máa pe orúkọ ìjọ náà ní kíkún. Bí mo bá gé e kúrú nínú àpilẹ̀kọ yìí, àyè ni kò sí, n kò fi bú ẹnikẹ́ni.

Ní Èkó, kí fádà kankan tó wá jókòó, ọkùnrin kan tí ó ti oko ẹrú dé, tí wọ́n ń pè ní Pàdre Antonio, ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Kì í ṣe àlùfáà rárá. Ọdún 1863 ni Fádà Borghero ti ẹgbẹ́ SMA bẹ Èkó wò, ọdún 1868 sì ni àwọn fádà wá jókòó síbẹ̀. Ní apá òkè lọ́hùn-ún, Shendam ní ilẹ̀ Plateau ni àwọn SMA ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907. Jos di dáyósíìsì ní ọdún 1953, ó sì di ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní ọdún 1994, nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Gabriel Ganaka.

Ìjọ Mọ́mọ́nì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Joseph Smith ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Àwọn jàǹdùkú pa á ní ọdún 1844, Brigham Young sì kó àwọn ènìyàn náà lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Utah lónìí, ní ọdún 1847. Ní ilẹ̀ wa, àwọn kan ti ka ìwé wọn, wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti ń pàdé fúnra wọn láti nǹkan bí ọdún 1960, kò sì sí míṣọ́nnárì kankan lọ́dọ̀ wọn. Oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni míṣọ́nnárì dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n ri ènìyàn 19 bọmi ní ilẹ̀ Mbaise. Anthony Obinna, tí ó ti ń retí wọn láti ọdún pípẹ́, wà nínú wọn. Ní ọdún 2005 ni wọ́n ya tẹ́ḿpìlì wọn sí mímọ́ ní Aba, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ kíyè sí i pé ní ìjọ méjèèjì, àwọn ènìyàn wa ti ń gbàdúrà kí òyìnbó tó dé. A kò lè sọ pé ńṣe ni wọ́n kàn fà wá wọlé bí ewúrẹ́.

Ta ni ó ní àṣẹ?

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Àgùdà gbà pé Jésù fi àṣẹ lé Pétérù lọ́wọ́, pé àṣẹ náà ń ti ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì láìjá, títí ó fi dé ọwọ́ Póòpù òní. Ìjọ lè ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kò kú rí.

Mọ́mọ́nì ní tiwọn gbà pé lẹ́yìn ikú àwọn àpósítélì, àṣẹ yẹn kúrò ní ayé, àti pé Ọlọ́run dá a padà nípasẹ̀ Joseph Smith. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní wòlíì àti àpósítélì 12 títí di òní. Bí àpẹẹrẹ: lójú Àgùdà, iná ìdáná kò kú láti àná, ṣe ni wọ́n ń kó igi sí i. Lójú Mọ́mọ́nì, iná náà kú, a sì ní láti lọ fọnná tuntun wá láti ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà tẹ̀lé èyí. Bíbélì Àgùdà ní ìwé 73, wọ́n sì ń kà á pẹ̀lú àṣà àti ẹ̀kọ́ tí ìjọ ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́mọ́nì ń ka Bíbélì, wọ́n sì fi ìwé mẹ́ta mìíràn kún un. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Ìwé ti Mọ́mọ́nì, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1830, tí ó sì ti wà ní èdè Yorùbá.

Ta ni Ọlọ́run?

Àwọn méjèèjì ń pe Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà yóò rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Àgùdà gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, nínú Ẹni mẹ́ta, àti pé Baba kò ní ara. Mọ́mọ́nì gbà pé ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ète wọn jẹ́ ọ̀kan, àti pé Baba àti Ọmọ ní ara tí a lè fọwọ́ kàn. Wọ́n tún gbà pé gbogbo wa ti gbé lọ́dọ̀ Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mí kí wọ́n tó bí wa. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìtàn àkúnlẹ̀yàn yóò mi orí díẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á da nǹkan pọ̀ o. Nínú ìtàn tiwa, a yan orí, a sì ń bọ̀ wá gbé ohun tí a yàn. Nínú ẹ̀kọ́ tiwọn, a wá sí ayé láti gba ara, kí á sì la ìdánwò kọjá. Àgùdà kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì: lójú tiwọn, inú oyún ni Ọlọ́run ti ń dá ọkàn kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi

Àgùdà ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí tí a jogún láti ọ̀dọ̀ Ádámù. Mọ́mọ́nì ní ọmọdé kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 8, tí ó mọ rere yàtọ̀ sí búburú, ni wọ́n tó rì í bọ inú omi pátápátá.

Ìjọ Àgùdà kì í tún ìrìbọmi ẹni tí ó ti Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì tàbí Onítẹ̀bọmi wá ṣe, bí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa pẹ̀lú omi àti ní orúkọ Mẹ́talọ́kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2001, Vatican kéde pé ìrìbọmi ti Mọ́mọ́nì kò dúró. Orúkọ mẹ́ta náà ni wọ́n ń pè lóòótọ́, àmọ́ ìtumọ̀ tí wọ́n fún un kì í ṣe Mẹ́talọ́kan tí Àgùdà mọ̀. Mọ́mọ́nì náà kò gba ti Àgùdà, nítorí pé lójú tiwọn, fádà kò ní àṣẹ tí Ọlọ́run dá padà. Nítorí náà, kò sí èyí tí ó ń fi ọ̀tá ṣe èkejì níbí. Olúkúlùkù ń tẹ̀lé ohun tí ó ti sọ nípa àṣẹ àti nípa Ọlọ́run ni.

Ìsìn, oúnjẹ àti owó

Àgùdà gbà pé nígbà Máàsì, búrẹ́dì àti wáìnì di Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Jésù nítòótọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, Mọ́mọ́nì ń pín búrẹ́dì àti omi fún ìrántí, nítorí wọn kì í mu ọtí. Wọn kì í mu sìgá, tíì tàbí kọfí pẹ̀lú, láti ara òfin kan tí ó ti wà láti ọdún 1833. Àgùdà lè mu ẹmu níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ó ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Mọ́mọ́nì ń gbààwẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ń fi owó oúnjẹ tí wọn kò jẹ ran aláìní lọ́wọ́. Ìdámẹ́wàá jẹ́ dandan fún ẹni tí yóò wọ tẹ́ḿpìlì. Fádà kì í gbéyàwó, iṣẹ́ ìjọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Mọ́mọ́nì ní ìyàwó, ó ní iṣẹ́ òòjọ́, kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọ.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ bi yín ní ti ìyàwó púpọ̀, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti kéde òpin rẹ̀ láti ọdún 1890. Ẹni tí ó bá fẹ́ méjì lónìí, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ.

Ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun

Àwa adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ fo ibí yìí. Láti ọdún 1852 ni Brigham Young ti kéde pé ọkùnrin dúdú kò lè gba oyè àlùfáà nínú ìjọ Mọ́mọ́nì. Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni wọ́n mú ìdènà yẹn kúrò, èyí ni ó sì ṣí ọ̀nà Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àlàyé tí wọ́n ti fi gbe ìdènà náà lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjọ mọ́. Àgùdà náà kò lè fi ìka han ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Potogí ní ìwé àṣẹ láti sọ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni di ẹrú. Ọdún 1839 ni Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún gbogbo ọmọ ìjọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn lu èkejì, kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ìgbéyàwó àti àwọn tí ó ti kú

Lójú Àgùdà, ikú nìkan ni ó lè tú ìgbéyàwó. Lójú Mọ́mọ́nì, ìgbéyàwó tí wọ́n bá so nínú tẹ́ḿpìlì ń bá tọkọtaya àti ọmọ wọn lọ sí ọ̀run. Àgùdà ń gbàdúrà fún òkú, pàápàá ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, kí Ọlọ́run lè wẹ̀ wọ́n mọ́ pátápátá kí wọ́n tó rí I. Mọ́mọ́nì ń rì alààyè bọmi ní tẹ́ḿpìlì ní orúkọ òkú. Wọ́n ní òkú náà lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá orúkọ baba ńlá kiri lójú méjèèjì. Ní ọdún 2008, Vatican ní kí àwọn dáyósíìsì má ṣe jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ìwé orúkọ ìjọ fún iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2019, Póòpù Francis gba Russell Nelson, olórí Mọ́mọ́nì ìgbà náà, lálejò ní Vatican. Ìyàtọ̀ ẹ̀kọ́ kò dí wọn lọ́wọ́ láti bọwọ́ fún ara wọn.

Ìkádìí

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Màmá. Èsì ìbéèrè wọn ni pé, lójú ìjọ tiwọn, omi yẹn kì í ṣe omi lásán. Ìsàmì fi àmì tí kì í parẹ́ sílẹ̀ lára ọkàn. Bí ọmọ wọn bá padà lọ́la, wọn kò ní tún un ṣe fún un. Lójú ìjọ ọmọ, ìfẹ́ òbí ni ó gbé e lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ kò sí níbẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹ̀rín bo èyí mọ́lẹ̀: àwọn méjèèjì kò lè jàre lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n pe ọmọ wọn, wọ́n ní: "Bí mo bá kú, má ṣe rì ẹnikẹ́ni bọmi lórúkọ mi. Máàsì ni kí o bá mi ṣe." Òfin ìjọ rẹ̀ ni pé kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹbí tí ó sún mọ́ òkú jù, bí kò bá tíì pé ọdún 110 tí wọ́n bí i. Èyí ni pé ọwọ́ ọmọ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ lè kù sí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Mo ti gbọ́, Màmá."

Ẹ̀yin ará mi, a ti rí i ní Jos, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 àti lẹ́yìn náà, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aládùúgbò kò bá lè bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí iyàn ẹ̀sìn bá bẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ bi ara yín ní ohun tí ẹnìkejì gbà gbọ́ kí ẹ tó sọ fún un pé kò tọ̀nà. Ire o.