Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ihò Dúdú Lórúkọ

Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ ọmọ Ayépé fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ojú ọ̀run, àti pé ariwo rédíò, ìyẹn ìgbì rédíò, tí àwọn ihò dúdú ńlá (black hole) ń pa ló gbà ọ́ lọ́kàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín, kó má ṣe é lójú tèmi. Ṣùgbọ́n jókòó ná. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn ni mo sì fẹ́ tú fún ọ.

1. Wo ilé kí o tó wo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Àárín agbo ìràwọ̀ ńlá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gálásì, ni ihò dúdú ńlá máa ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ́ pé ihò nìkan ni wọ́n ń lé kiri, wọn kò ní béèrè agbo tó gbà á sílé. Bẹ́ẹ̀ ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èyí tó wà láàárín gálásì tiwa wúwo tó mílíọ̀nù 4 oòrùn, ó sì fi nǹkan bí 27,000 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ jìnnà sí wa. Jẹ́jẹ́ ló jókòó. Èyí tó wà nínú gálásì M87 wúwo tó bílíọ̀nù 6.5 oòrùn, ó sì ń tú jẹ́ẹ̀tì kan jáde, ìyẹn ìṣàn tó ń tú yàà láti ẹ̀bá ihò dúdú, tí onímọ̀ ojú ọ̀run Heber Curtis ti rí láti 1918, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó jẹ́. Wo ilé àwọn méjèèjì báyìí. Tiwa rí pẹrẹsẹ, ó ní apá tó wé kiri, wọ́n ṣì ń bí ìràwọ̀ tuntun nínú rẹ̀. M87 rí roboto, ìràwọ̀ inú rẹ̀ ti gbó, àárín ọ̀pọ̀ gálásì ló sì ń gbé. Láàárín oṣù karùn-ún, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti kọjá tí wọ́n sì mú iná lọ ní Ayépé, gbójú sókè tààrà. Ojú lásán kò lè rí M87, ṣùgbọ́n òkè orí rẹ gan-an ló wà.

2. Kọ́kọ́ béèrè ìwúwo. Ní 2005, Philip Best àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn gálásì tó wà nínú ìwádìí ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Sloan, wọ́n sì fi wọ́n wé ohun tí àwo rédíò VLA ní New Mexico gbọ́. Wọ́n rí i pé bí ìwúwo ìràwọ̀ inú gálásì bá di ìlọ́po méjì, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ihò dúdú rẹ̀ á pariwo ń di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Nínú àwọn tó wúwo jù lọ, ó ju 30 nínú 100 lọ tó ń ké. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ sọ pé ìrísí gálásì tàbí àdúgbò rẹ̀ ló fa ariwo, àwọn tí ìwúwo wọn dọ́gba ni kí o fi wé ara wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwúwo lo kàn tún rí tí o fún lórúkọ mìíràn, àwọn tó ń yẹ ìwé wò á sì dá iṣẹ́ rẹ padà.

3. Má pe ìdákẹ́ ní àìsí. Ẹni tó dúró sí Ayépé lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba kò ní gbọ́ ìlù àwọn ẹgbẹ́ régberégbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé ó wá lè búra pé wọn kò lu ìlù? Nígbà tí onímọ̀ kan, Sabater, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwọn eríálì LOFAR, tí àárín rẹ̀ wà ní Netherlands, tí etí rẹ̀ sì mú ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n sọ ní 2019 pé àwọn gálásì tó wúwo jù lọ kì í dákẹ́ rárá. Gbogbo wọn ló ń ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn òmíràn kéré. 30 nínú 100 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti àwọn tó pariwo dé ìwọ̀n kan ni. Kọ ìwọ̀n tí etí rẹ dé sílẹ̀ nígbà gbogbo.

4. Gbogbo ariwo kọ́ ni ti ihò dúdú. Ìràwọ̀ ńlá tó bú gbàmù náà ń mú ìgbì rédíò jáde, gálásì tó bá sì ń bí ìràwọ̀ púpọ̀ á máa ké láìsí ọwọ́ ihò dúdú nínú rẹ̀. Gálásì M82 jẹ́ ẹ̀rí.

5. Béèrè oúnjẹ. Àgbá òfìfo ní í pariwo, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ihò dúdú yàtọ̀: èyí tó ń rí jẹ ló ń fọhùn. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni oúnjẹ sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gáàsì gbígbóná ló yí àwọn gálásì ńlá tó ti gbó ká. Bó ṣe ń tutù díẹ̀díẹ̀ ni ìwọ̀nba rẹ̀ ń já bọ́ sáàárín. Irú ihò dúdú bẹ́ẹ̀ kì í tàn, inú jẹ́ẹ̀tì ni agbára rẹ̀ ń gbà jáde. Àwọn mìíràn ń rí gáàsì tútù jẹ ní rẹpẹtẹ, nígbà mìíràn nítorí pé gálásì méjì kọlu ara wọn. Àwọn yẹn ń tàn, àwọn kan nínú wọn sì tún ń ké. Bí o bá fẹ́ rí àpá ìkọlù, wá àwòrán Centaurus A, tí ọ̀já eruku dúdú gba àárín rẹ̀ kọjá. Má da irú méjèèjì pọ̀ sínú àtẹ kan. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa èkíní lè jẹ́ irọ́ nípa èkejì.

6. Mọ àwọn aládùúgbò. Ọmọ Nàìjíríà kan, James Chibueze, tó kàwé ní Nsukka, ló ṣáájú ìwádìí tí ìwé àtìgbàdégbà Nature gbé jáde ní 2021. Àwọn àwo 64 ti MeerKAT ní South Africa ni wọ́n fi wo gálásì MRC 0600-399, nínú ìdìpọ̀ gálásì Abell 3376. Jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀, ló bá ṣẹ́rí lójijì, ó sì pín sápá méjì. Wọ́n ní agbára òòfà tó wà nínú gáàsì àdúgbò ló tẹ̀ ẹ́. Ihò dúdú ló tú jẹ́ẹ̀tì jáde, àdúgbò ló pinnu ibi tó gbà. Ka iṣẹ́ yẹn dáadáa, àní ju èyí tí mo ń sọ yìí lọ.

7. Má gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Gálásì ń bọ́ ihò dúdú, ihò dúdú náà ń dá sí ọ̀rọ̀ gálásì. Nínú ìdìpọ̀ Perseus, awò ojú ọ̀run Chandra rí kòtò ńláńlá tí jẹ́ẹ̀tì gálásì NGC 1275 gbẹ́ sínú gáàsì gbígbóná. Jẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú gáàsì náà tutù kó di ìràwọ̀. Nítorí náà, bí o bá rí gálásì tó ń ké tí kò sì bí ìràwọ̀ mọ́, má tètè sọ èyí tó fa èkejì.

8. Fi àyè sílẹ̀ fún olóríkunkun. Alcyoneus, ìyẹn jẹ́ẹ̀tì rédíò ńlá tí wọ́n kéde ní 2022, gùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 16 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ gálásì tó bí i àti ihò dúdú inú rẹ̀ kéré sí ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Má yọ irú rẹ̀ kúrò nínú àtẹ nítorí pé ó ba ìlà rẹ jẹ́.

9. Má jókòó de àwo. Ghana sọ àwo tẹlifóònù àtijọ́ tó fẹ̀ ní mítà 32 ní Kuntunse di ti ìwádìí ojú ọ̀run ní 2017. Nígbà tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì pe òkè òkun, a ní ibùdó irú àwo bẹ́ẹ̀ ní Lánlátẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ọpọlọ àwọn ará Ghana ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ dúró de àwo tiwa. Dátà Sloan, ti VLA àti ti LOFAR wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Owó dátà orí fóònù nìkan lo máa san. Kọ́ fisíìsì, kọ́ èdè kọ̀ǹpútà Python, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí gálásì ọgọ́rùn-ún péré: kọ ìwúwo wọn sápá kan, ariwo wọn sápá kejì, kí o mú àtẹ náà wá fún mi kí ọdún Iléyá tó dé.