Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé ní Ìgbàyè, àtẹ̀yin tí ẹ ń lọ síléèwé ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ dẹwọ́ ná nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gàgàrà tí ẹ ń há sórí.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan níléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yòókù. Olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, wọn ò gbẹ́yìn rárá, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìyẹn yẹ kó pa àwọn tó ń bu owó ìtanràn lé ọmọ torí ó sọ Yorùbá lẹ́nu mọ́.

Níbo wá ni wàhálà wà? Ẹ wo gbólóhùn yìí: She sell pepper every market day. Mo ta, o ta, ó ta, wọ́n ta: "ta" tiwa kì í yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì máa ń ṣe nǹkan náà, s gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: She sells. Bó bá jẹ́ ti àná, sold ni. "Ó" wa sì kan takọtabo, òun ló ń sọ ìyá yín di he nínú lẹ́tà. Kí ẹ tó gbé bírò sílẹ̀, ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé: ta ni? Ìgbà wo ni?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún lọ́sẹ̀ tó, bí ẹ bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko tàbí nínú ọkọ̀ Ìkìrun.

Ti ìrònú ńkọ́? Gbogbo ewúrẹ́ ló ń jẹ èèpo iṣu. Ẹran ẹ̀yìnkùlé yìí ń jẹ èèpo iṣu. Ṣé ewúrẹ́ ni? Ẹ má tíì dáhùn. Àgùntàn náà ń jẹ ẹ́. Irú páńpẹ́ yìí lè wà nínú ìbéèrè àyọkà ìdánwò. Kí ẹ tó mú A tàbí D, ẹ fìka lé ìlà tí ìdáhùn ti jáde.

Lálẹ́ òní, ẹ ka ojú ewé kan, kí ẹ sì fi Yorùbá rò ó fún ìyá àgbà. Bí kò bá yé wọn, ẹ padà lọ tún un kà.