Ọkọ̀ Mi Ń Gbọ̀n Lórí Eré: Ṣé Táyà Ni àbí Pùròpẹ́là?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Hilux tòkunbọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ni mò ń wà, èyí tó ní fọ́ọ̀-wíìlì. Òun ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí Ìsẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún “gbà!” nígbàkígbà tí mo bá ki jíà sí i. Mẹkáníìkì mi ní kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé pùròpẹ́là, ló ti jẹ. Ó tú pùròpẹ́là ẹ̀yìn sílẹ̀, ó pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì, ariwo yẹn sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí mo bá ti ń sún mọ́ kìlómítà 80, ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Fọkanáísà ti bálánsì táyà, mo ra tuntun méjì sí ẹ̀yìn, mo tún ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Pàbó ni. Ní báyìí, wọ́n ní kí n lọ ra síítìn ẹ́ńjìnì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Awakọ̀ tó ti sú, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Owó síítìn ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ fi sápò ná. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ìgbà tí wọ́n tú pùròpẹ́là ni gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ dé kẹ́yìn la ti ń kọ́kọ́ wò. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi àyẹ̀wò tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ rí i dájú.

Ẹ́ńjìnì la ó kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ wá ojú títì tó dán, tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ bọ́ jíà sí fíríì, kí ó máa fi eré tó ti ní yí lọ. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì o, nítorí bíréèkì àti sítíárìn yóò le mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá lọ sílẹ̀ tí gbígbọ̀n kò lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnì kò jẹ̀bi, síítìn tuntun kò sì ní wò ó.

Ó wá ku táyà àti pùròpẹ́là, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, táyà Hilux ń yí nǹkan bí ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Pùròpẹ́là ń yí tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn, bí ìgbà 2,800, nítorí jíà ẹ̀yìn ló ń dín eré rẹ̀ kù kó tó dé táyà. Ìdí nìyẹn tí ìgbọ̀n wọn kò fi jọra. Ti táyà máa ń wúwo, ó máa ń ṣe gìdì-gìdì, bó bá sì jẹ́ táyà iwájú, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n lára sítíárìn. Ti pùròpẹ́là máa ń yára, ó máa ń kùn hùn-ùn lábẹ́ ẹsẹ̀ àti ní ìdí, omi inú ike tí ẹ gbé kalẹ̀ á sì máa hó lójú. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ti pùròpẹ́là.

Ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì ní pùròpẹ́là méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lára Hilux yín, bí ẹ kò bá fi sí fọ́ọ̀-wíìlì, ti iwájú kì í gba agbára. Ti ẹ̀yìn la ó mú. Ẹni tó bá ní Prado tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo ní láti yẹ méjèèjì wò.

Nísinsìnyí, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibi tó tẹ́jú ni kó wà, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí jíà wà ní fíríì. Bí ẹ bá máa yọ pùròpẹ́là ẹ̀yìn, ẹ rántí pé jíà kò ní lè di ọkọ̀ mú mọ́, igi yẹn ṣe pàtàkì.

Ẹ kọ́kọ́ fọ pùròpẹ́là àti inú rììmù mọ́. Ẹrẹ̀ pupa tó gbẹ mọ́ ọn lójú ọ̀nà oko nìkan lè mú un gbọ̀n. Bó bá ti mọ́, ẹ wò ó bóyá ibi onígun mẹ́rin kan ń dán lára pùròpẹ́là; bí ẹ bá rí i, irin pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ fi bálánsì rẹ̀ ló já kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òkúta ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹ wo rọ́bà tó yí bàríìnì àárín ká, nítorí bó bá ti ya, ọkọ̀ á máa gbọ̀n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dé ibi tí mo fura sí jù. Kúrọ́ọ̀sì tó bá ń yí ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kì í gbé ìyípo kọjá geere. Nínú ìyípo kan, á mú kí pùròpẹ́là yára lẹ́ẹ̀mejì, kó sì falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kúrọ́ọ̀sì kejì ló ń pa ségesège yẹn rẹ́, bí ìgbà tí ẹni méjì ń gún iyán nínú odó kan: bí tẹni kan bá ń lọ sókè, tẹnì kejì a máa bọ̀ nílẹ̀. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, orí pùròpẹ́là tó la ẹnu bí àmúga ní ìhín àti ọ̀hún gbọ́dọ̀ kọjú síra gbọọrọ. Ẹni tó bá fa apá tó ń yọ́ wọnú ara wọn yọ láì fi àmì sí i, tó wá fi eyín kan ṣi ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ti da ọkọ̀ rú nìyẹn, bí kúrọ́ọ̀sì tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ wá àmì ilé iṣẹ́ lára apá méjèèjì, kí ẹ mú un kojú ara.

Bí àmì bá kojú ara, ẹ tú bóòtù ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ mi kúrọ́ọ̀sì sọ́tùn-ún sósì. Ó gbọ́dọ̀ rìn wẹ́rẹ́. Bó bá ń há níbì kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ kéékèèké inú fìlà rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi òòlù gbá a wọlé, kí fìlà náà má sì wọlé tán. Eruku pupa bí ìpẹtà tó ń yọ lẹ́nu fìlà fi hàn pé gíríìsì ti gbẹ nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fi ewé kún síípíríìnì ẹ̀yìn nítorí ẹrù ẹ̀gẹ́, ẹ sọ fún mẹkáníìkì. Ó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó sì ń yí ìdàgẹ̀rẹ̀ pùròpẹ́là padà. Irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, á sì rọlẹ̀ bí ẹrù bá wà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tó sì ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹ gbé pùròpẹ́là lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ní ẹ̀rọ tó fi ń bálánsì rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lódindi, kí ẹ má tú u sí méjì.

Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ má sáré kọjá 60, ẹ má sì rìn jìnnà. Kúrọ́ọ̀sì tó bá já lórí eré lè sọ pùròpẹ́là sílẹ̀ kó sì gún títì. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tú u, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ibi tí apá méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó bá kọ̀ láti fà á, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan bóòtù kankan.