Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ÀDÚGBÒ TÍ Ó LE

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ní àdúgbò bíi Mushin àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, ọmọ lè mọ ìró ìbọn kí ó tó mọ ìwé kà. Bí àwọn ọmọ ìta bá jà mọ́jú, ọmọ tí kò sùn ni yóò wọ kíláàsì láàárọ̀. Bí ó bá tòògbé, a ó ní ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra: ebi, ẹ̀rù àti àìsùn kì í ṣe ìwà.

Ẹ̀kọ́ láti inú ìtàn

Lẹ́yìn ogun Bádírì, ní ọdún 2 lẹ́yìn Hijira, àwọn kan nínú àwọn tí a kó lógun kò ní owó ìràpadà. Ànábì ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Ansari ní ìwé kíkọ dípò owó. Nínú hádíìsì tí Imam Ahmad gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, ọmọ kan sunkún délé pé olùkọ́ na òun. Baba rẹ̀ ní ẹ̀san Bádírì ni olùkọ́ náà ń gbà, ó sì búra pé ọmọ náà kò ní padà lọ mọ́.

Ìwé níye lórí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ra òmìnira. Ṣùgbọ́n pàṣán olùkọ́ tí kò fẹ́ràn ọmọ lè lé e kúrò nídìí rẹ̀. Ní àdúgbò tí à ń wí yìí, ìta ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń sá lọ, àwọn tí yóò fún un lówó sì ń dúró dè é níbẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ yóò ṣe

1. Kí ó bèèrè kí ó tó báwí: ṣé o jẹun? Ṣé o sùn?
2. Kí ó má yẹ àdéhùn. Ọmọ yìí nílò àgbàlagbà kan tí kì í yẹ̀.
3. Kí ó mú un kéwú àti ìwé láti ìgbà tí ilé-ìwé bá jáde títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí àsìkò yẹn ni ìta máa ń gbà á.

Ohun tí àwa yóò ṣe

Òfin ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n bàtà, ìwé àti aṣọ ilé-ìwé ṣì ń wọ òbí lọ́rùn. Al-Kùránì (9:60) fi tálákà àti aláìní ṣáájú nínú ìsọ̀rí 8 tí ó ni sàká. Òrukàn tí ó bá jẹ́ tálákà wà nínú wọn. Èyí tí baba fi ogún tí ó tó sílẹ̀ fún kò sí níbẹ̀. Owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí á fi sàráà wá a.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.