Aṣọ Tí A Rà Lórí Fóònù

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, léèsì funfun ni a rí lórí fóònù, a sanwó. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n gbé wá fún wa ní Òkèlúsè. Wọ́n ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà.

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 122 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ó ń dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tí kò ráyè yẹ ọjà wò kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ lè dá a padà, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀, bí kò bá bá àpèjúwe mu. Ṣùgbọ́n kí a má fi falẹ̀ o! Ẹ tọ́jú àwòrán náà àti rìsíìtì. Bí olùtajà bá kọ̀, ẹ fi ẹjọ́ sun àjọ FCCPC ní Àbújá.

Ẹ má tíì gbé e fún aránṣọ. Wọ́n ti gé tiwa kí a tó mọ èyí.